Ọ̀rọ̀ Ìkórìíra àti Òmìnira Ẹnu: Níbo ni Ó Yẹ kí Òfin Pa Ààlà Sí?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìjọ àti àwọn àlejò ní Ìlá-Ọ̀ràngún, nígbà àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún

Níbi ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún, a máa ń retí pé kí á sọ ìtàn àwọn tí ó ti sùn, kí á sì ka iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Àwọn ẹlòmíràn ti ṣe èyíinì, wọ́n sì ti ṣe é dáradára. Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún fi lé mi lọ́wọ́ yàtọ̀ sí i. Wọ́n ní kí n dáhùn ìbéèrè kan tí í máa dà wá láàmú nígbàkúùgbà tí ìdìbò bá ń bọ̀, tàbí tí ìjà ilẹ̀ tàbí ìjà oyè bá rú sókè: Ó ha yẹ kí òfin dáàbò bo ẹni tí ń sọ ọ̀rọ̀ ìkórìíra, nítorí pé olúkúlùkù ni ó ní òmìnira láti sọ ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀? Tàbí ó yẹ kí òfin dì í lẹ́nu?

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti ní ìdáhùn tirẹ̀ kí n tó dìde. Àwọn kan ń wí nínú ọkàn wọn pé kí á kó irú àwọn ẹlẹ́nu bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n, kí ìlú lè simi. Àwọn mìíràn ń wí pé ẹnu ẹni ni ti ẹni, àti pé ọ̀rọ̀ kò lè gún ènìyàn bí ọ̀bẹ. Èmi kò lè bá ẹgbẹ́ kankan nínú méjèèjì lọ títí dé òpin ọ̀nà wọn, ìdí rẹ̀ sì ni mo fẹ́ fi yé yín.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà sọ fún wa pé nígbà tí Fágbàmílà Ajagúnnlá, Ọ̀ràngún àkọ́kọ́, ń jáde kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, Odùduwà fi ogbó kan lé e lọ́wọ́, irin tí a fi ń la igbó, ogbó náà sì ń tọ́ ọ sọ́nà. "Ogbó mọ̀nà" yìí ni àwọn baba wa wí pé ó di Ìgbómìnà. Irin kan náà tí ó la ọ̀nà fún wọn lè ṣá ọmọnìkejì lọ́gbẹ́. Kò sí ọlọgbọ́n tí yóò torí èyí kó gbogbo ogbó ìlú jọ sí ààfin, kí àgbẹ̀ máa fi ọwọ́ lásán lọ sí oko. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọlọgbọ́n tí yóò wí pé kí ẹni tí ó fi ogbó ṣá aládùúgbò rẹ̀ máa lọ ní àlàáfíà nítorí pé irinṣẹ́ rẹ̀ ni. Bí ahọ́n ti rí gan-an nìyí.

Kí á tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí á ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ aáwọ̀ lórí ọ̀ràn yìí ti inú pé a kó iṣu àti ewùrà sínú agbọ̀n kan wá. Bí ẹnìkan bá wí pé gómìnà ná owó ọ̀nà sí ibi tí kò yẹ, ìbáwí ni. Ìbá à korò bí ewúro, ìbáwí ni. Bí ó bá pe aládùúgbò rẹ̀ ní òmùgọ̀, èébú ni. Bí ó bá purọ́ mọ́ oníṣòwò kan pé olè ni, ìbanilórúkọjẹ́ ni, ẹni tí a bà lórúkọ jẹ́ sì lè pè é lẹ́jọ́. Bí ó bá wí pé ẹ̀kọ́ ìsìn mi kò tọ̀nà, àríyànjiyàn ni, ẹ̀yin àlùfáà sì mọ̀ pé pẹ̀lú àríyànjiyàn ni àwọn ajíhìnrere fi wọ ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé gbogbo ọmọ ìlú kan, tàbí gbogbo ẹ̀yà kan, tàbí gbogbo ẹlẹ́sìn kan, kì í ṣe ènìyàn bí àwa ti jẹ́ ènìyàn, pé kòkòrò ni wọ́n, pé kò yẹ kí á bá wọn gbé, nígbà náà ni a dé ibi ọ̀rọ̀ ìkórìíra. Bí ó bá sì fi kún un pé kí á dìde sí wọn lálẹ́ òní, kí á jó ilé wọn, ó ti kúrò níbi ọ̀rọ̀ lásán. Ẹnu ni ó fi ń gbé ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn sókè.

Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ yìí kí ìwé tó dé. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ kan ń bẹ lọ́dún, ọjọ́ Òkèbàdàn, tí a máa ń fi orin bú ẹni gbogbo, àti olówó àti ìjòyè, tí a kì í sì í torí rẹ̀ bínú. Ní ilẹ̀ Kétu àti Yewa, Ẹ̀fẹ̀ a máa jáde lóru ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a sì máa ka àléébù àwọn alágbára sí wọn létí ní gbangba. Àwọn tí ó dá àṣà wọ̀nyí sílẹ̀ mọ̀ pé ilé tí kò bá ní ibi tí èéfín ń gbà jáde, àwọn tí ń bẹ nínú rẹ̀ ni yóò pa. Ète wọn ni pé kí ìlú lè tún ara rẹ̀ ṣe, kí ó sì máa gbé pọ̀.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ó fẹ́ kí òfin dá sí ọ̀rọ̀ ìkórìíra, nítorí ẹjọ́ wọn wúwo. Nínú Ìwé Ẹ́sítérì, Hámánì kò fa idà yọ. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó ṣẹ̀ ẹ́, tí ó kọ̀ láti tẹríba fún un. Ó sì sọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹni kan náà di ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ìran rẹ̀, ó ro ìran náà lẹ́jọ́ níwájú ọba, títí ìwé fi jáde lọ sí gbogbo ìgbèríko pé kí á pa wọ́n run ní ọjọ́ kan. Báyìí ni ìkórìíra ti í bẹ̀rẹ̀ níbi gbogbo: aáwọ̀ ẹnìkan di ẹ̀sùn ìran.

Ní Jámánì, Julius Streicher fi ohun tí ó lé ní ogún ọdún tẹ ìwé ìròyìn tí ó ń kọ́ àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ láti kórìíra àwọn Júù; ní 1946, ilé ẹjọ́ tí ó jókòó ní Nuremberg dá a lẹ́bi ikú, a sì so ó rọ̀. Ní Rùwáńdà, ní 1994, rédíò kan tí a ń pè ní RTLM pe àwọn Tutsi ní aáyán, ó sì ń ka orúkọ àti ibùgbé àwọn tí ó fẹ́ kí á lé bá. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ 100, iye ènìyàn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kà sí nǹkan bí 800,000 ni a pa, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ọwọ́ aládùúgbò, pẹ̀lú àdá. Ní oṣù Kejìlá 2003, ilé ẹjọ́ àgbáyé tí ó wà ní Arusha, ní ilẹ̀ Tanzania, dá méjì nínú àwọn tí ó dá rédíò náà sílẹ̀ lẹ́bi, pẹ̀lú olóòtú ìwé ìròyìn kan tí ń jẹ́ Kangura. Ẹni tí ó bá wí lẹ́yìn èyí pé ọ̀rọ̀ kò lè pa ènìyàn kò tíì ro ohun tí ó ń sọ.

Kí á má sì ṣe rò pé ọ̀nà jíjìn nìkan ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa yìí, ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ bẹ́ sílẹ̀ ní 1981, ó tún bẹ́ ní 1983, ó sì tún bẹ́ láti 1997 títí di 2000. Ọ̀ràn ilẹ̀, ọ̀ràn ìṣákọ́lẹ̀, àti ọ̀ràn ibi tí ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ yóò wà ni gbòǹgbò rẹ̀. N kò wí pé ẹnu nìkan ni ó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ méjì péré, "onílẹ̀" àti "àlejò", ti lè ya àwọn tí ń sọ èdè kan náà, tí wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn, títí wọn yóò fi di ọ̀tá. Ní oṣù Kẹta 2017, ní Sábó ní Ilé-Ifẹ̀, aáwọ̀ ènìyàn díẹ̀ di ìjà Yorùbá àti Hausa, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àwa pẹ̀lú ní Ìgbómìnà, ààlà wa pọ̀. Láti Ìlá Yàrà ni Ìlá àti Òkè-Ìlá ti pínyà, Ọ̀ràngún sì ni a ń pe ọba méjèèjì. A wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá, a wà ní Ifẹ́dayọ̀, a wà ní Bólúwadúró, ogunlọ́gọ̀ àwọn ará wa sì wà ní ìpínlẹ̀ Kwara. Nínú agbo ilé kan náà ni a ti ń rí ọmọ ìjọ àti ọmọ mọ́sálásí. Níbi tí ọmọ ìyá ti pín sí ọ̀nà púpọ̀ tó báyìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó láti sọ wọ́n di àjèjì síra wọn.

Ẹjọ́ kìíní nìyẹn. Ẹjọ́ kejì wúwo pẹ̀lú, ó sì yẹ kí ìjọ Ọlọ́run gbọ́ ọ ju ẹlòmíràn lọ. Ẹ rántí Nábótì, ẹni tí ó ní ọgbà àjàrà lẹ́bàá ààfin Áhábù. Irú ẹ̀sùn wo ni Jésébélì fi kàn án? Ẹ̀sùn ọ̀rọ̀ ẹnu ni: pé ó sọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run àti sí ọba. A kéde ààwẹ̀, àwọn àgbà ìlú jókòó, ẹlẹ́rìí méjì sì jẹ́rìí. Kò sí ohun tí ó kù nínú ètò ìdájọ́ bí kò ṣe òtítọ́. Òfin tí a ṣe láti dáàbò bo ọlá Ọlọ́run ni a fi gba ilẹ̀ ọkùnrin náà lẹ́yìn tí a ti sọ ọ́ lókùúta pa. Sítéfánù pẹ̀lú, àti Olúwa wa ṣáájú rẹ̀, ẹ̀sùn ọ̀rọ̀ ẹnu ni a kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn tí ìtàn ìgbàgbọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ báyìí kò gbọdọ̀ yára pàtẹ́wọ́ nígbà tí ìjọba bá wí pé òun fẹ́ máa ṣọ́ ẹnu ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí á wo ilẹ̀ tiwa. Ní 1909, nígbà tí Walter Egerton jẹ́ gómìnà Gúúsù Nàìjíríà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀, láti fi kó àwọn ìwé ìròyìn Èkó níjàánu. Christopher Sapara Williams, ẹni tí ó kọ́kọ́ di agbẹjọ́rò nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí, dìde nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin láti tako òfin náà. Síbẹ̀ a ṣe é. Ní 1928, Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, gba ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, gbé jáde nípa àhesọ pé a fẹ́ pa Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí. Ní 1936, ní Accra, a dá Nnamdi Azikiwe lẹ́bi nítorí ohun tí ẹlòmíràn kọ sínú African Morning Post, ìwé ìròyìn tí òun jẹ́ olóòtú rẹ̀. Ní 1937 ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jù tó dá a sílẹ̀. Lónìí, àwọn méjèèjì wọ̀nyí ni a ń pè ní baba orílẹ̀-èdè wa. Ní ọjọ́ tí a dá wọn lẹ́bi, arúlùúsókè ni ìjọba ń pè wọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wí pé òyìnbó nìkan ni ó hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Arthur Nwankwo kọ ìwé kan ní 1982 nípa bí gómìnà ìpínlẹ̀ Anambra ti ń ṣe àkóso. A dá a lẹ́bi ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀, títí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́míilọ́rùn ní Enugu fi dá a sílẹ̀, tí ó sì wí pé òfin tí àwọn amúnisìn fi ń dá ara wọn ní ọlá kò lè bá ìwé òfin ilẹ̀ olómìnira gbé pọ̀. Ní 1984, ìjọba ológun ṣe Òfin Nọ́ńbà 4. Òfin náà kò béèrè pé kí ọ̀rọ̀ jẹ́ irọ́ kí ó tó di ẹ̀ṣẹ̀. Ó tó fún un pé kí ọ̀rọ̀ sọ òṣìṣẹ́ ìjọba di ẹlẹ́yà. Òfin yìí ni a fi rán Tunde Thompson àti Nduka Irabor, oníwèé ìròyìn The Guardian, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan, nítorí ìròyìn nípa àwọn aṣojú tí a fẹ́ rán lọ sí ilẹ̀ òkèèrè.

Ní oṣù Kọkànlá 2019, Sẹ́nétọ̀ Aliyu Sabi Abdullahi gbé àbá òfin ọ̀rọ̀ ìkórìíra padà wá sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Àbá náà fẹ́ kí á so ẹni tí ọ̀rọ̀ ìkórìíra rẹ̀ bá mú ikú wá rọ̀, kí á sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ará ìlú kígbe, àbá náà kò sì di òfin. Ṣùgbọ́n òfin mìíràn ti wà nílẹ̀, Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ẹ̀rọ Ayélujára ti 2015. Abala 24 rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ nígbà náà, ka irọ́ tí ó mú ìnira tàbí èébú bá ènìyàn pọ̀ mọ́ èyí tí ó mú ewu bá a, bí ẹni tí ó ka ẹ̀fọn pọ̀ mọ́ paramọ́lẹ̀ nítorí pé àwọn méjèèjì ń buni jẹ. A fi abala náà mú ọ̀pọ̀ oníròyìn. Ní oṣù Kẹta 2022, Ilé Ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé kò bá ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ mu, ní 2024 sì ni a tó tún un kọ.

Ìjọba nìkan kọ́ ni ó ń pa ènìyàn lẹ́nu mọ́. Ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, èyí tí Henry Townsend ti CMS bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, kò ti ọwọ́ òfin kú. Àwọn ènìyàn tí inú ń bí ni ó ba ilé ìtẹ̀wé náà jẹ́ nígbà Ìfọ́lé ní 1867. Ní oṣù Kárùn-ún 2022, ní Sókótó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nítorí ọ̀rọ̀ tí ó fi ohùn rẹ̀ sọ ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fiyèsí èyí: àwọn tí ó pa á ka ara wọn sí ẹni tí a ṣẹ̀. Nítorínáà a kò lè fi bí ọ̀rọ̀ ti dun ẹni tí ó gbọ́ ọ tó ṣe òṣùwọ̀n ẹ̀ṣẹ̀. Bí a bá fi í ṣe òṣùwọ̀n, ẹni tí inú rẹ̀ yá jù láti bí ni yóò di adájọ́ gbogbo wa.

Ẹ̀yin ará, ẹjọ́ méjèèjì ni ẹ ti gbọ́ yìí. Kí á tó dájọ́, ohun kan wà nínú ìtàn Hámánì tí a máa ń gbàgbé. Ta ni Hámánì? Kì í ṣe ọ̀mùtí ẹ̀bá ọ̀nà. Olórí ìjòyè ni, òrùka ọba sì wà ní ìka rẹ̀. Nígbà tí iná Jámánì gbóná jù, ẹgbẹ́ Streicher ni ó wà lórí oyè. Àwọn tí ó dá RTLM sílẹ̀ súnmọ́ àwọn alágbára Rùwáńdà tímọ́tímọ́. Ọ̀rọ̀ ìkórìíra tí ó pa ènìyàn jù nínú ayé, láti ẹ̀gbẹ́ àga ọba ni ó ti jáde. Bí òfin ọ̀rọ̀ ìkórìíra bá wà ní Ṣúṣánì ní ọjọ́ náà, ọwọ́ ta ni ì bá wà? Ọwọ́ Hámánì ni. Ta ni ì bá sì fi mú? Módékáì ni. Ohun tí ó gba àwọn Júù là ni pé Ẹ́sítérì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu, ó wọlé sọ̀rọ̀ níwájú ọba nígbà tí òfin wí pé kí ẹni tí a kò pè má ṣe wọlé.

Nítorí èyí, ìdájọ́ tèmi ni pé kí òfin má ṣe dáàbò bo ẹni tí ń pe àwọn ènìyàn láti ṣe ọmọnìkejì ní ibi, nígbà tí ewu rẹ̀ súnmọ́ tòsí. Ṣùgbọ́n kí òfin fi ìyókù ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ láti dá lóhùn. Èyí kò tako ìwé òfin wa. Abala 39 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti ní èrò àti láti sọ ọ́ jáde. Abala 45 sì gbà pé kí á ṣe òfin tí ó bá ìwà ìjọba tiwa-n-tiwa mu, láti dáàbò bo àlàáfíà ìlú àti ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíràn. Àwọn orílẹ̀-èdè ńlá kò pa ààlà yìí sí ojú kan. Ní Amẹ́ríkà, ní 1969, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá olórí ẹgbẹ́ Ku Klux Klan kan sílẹ̀, ó sì wí pé ìjọba kò lè fi ìyà jẹ ènìyàn nítorí ọ̀rọ̀, àfi bí ọ̀rọ̀ náà bá fẹ́ mú kí á rú òfin lójú ẹsẹ̀, tí ó sì ṣeéṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ní Jámánì, ilẹ̀ tí ó ti jìyà Streicher, òfin múná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ru ìkórìíra sókè sí apá kan nínú àwọn ará ìlú. Olúkúlùkù fi ọgbẹ́ tirẹ̀ kọ́gbọ́n. Ọgbẹ́ tiwa jẹ́ oríṣi méjì: a ti rí ìjà ẹ̀yà, a sì ti rí ìjọba tí ń fi òfin gbẹ̀san.

Ní 2012, ní ìlú Rabat ní ilẹ̀ Mòrókò, àwọn amòfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pè jọ gbé ìbéèrè mẹ́fà kalẹ̀ fún adájọ́, kò sì sí àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ ìlú wa tí wọn kò ní yé. Irú àkókò wo ni a sọ ọ̀rọ̀ náà, ṣé àkókò àlàáfíà ni tàbí ìgbà tí ìlú gbóná? Ta ni ó sọ ọ́, ṣé ẹni tí àwọn ènìyàn máa ń tẹ̀lé ni? Kí ni ète rẹ̀? Irú ọ̀rọ̀ wo gan-an ni, báwo ni ó sì ṣe gbé e kalẹ̀? Ibo ni ọ̀rọ̀ náà dé, ṣé ìyẹ̀wù ni tàbí ẹnu rédíò? Ewu rẹ̀ ńkọ́, ó ha súnmọ́ tòsí? Ọ̀mùtí tí ó bú ẹ̀yà kan nínú ilé ẹmu yóò bọ́ nínú ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹni tí ó gun orí ọkọ̀ pẹ̀lú gbohùngbohùn ní ọjọ́ ìjà, tí ó ń nàka sí ilé àwọn àlejò, kò ní bọ́. Mo fi ohun méjì kún un. Kí ó jẹ́ adájọ́ nínú ilé ẹjọ́ tí ó ṣí sílẹ̀ ni yóò dájọ́, kì í ṣe àjọ tí ìjọba yàn. Kí á má sì ṣe ka ọlá alákòóso mọ́ ohun tí òfin yìí wà fún; ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó lórí àga gíga kò gbọdọ̀ sọ pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ òun.

Ẹnìkan yóò bi mí pé: Ṣé kí á dúró títí ilé yóò fi jó kí á tó mú ẹni tí ó ń pariwo iná? Rárá o. Ẹni tí ń pe àwọn tí ó ti mú ìṣáná dání pé kí wọ́n ṣá a, a lè mú un kí iná tó ràn. Ẹlòmíràn yóò wí pé ìkórìíra kì í dé lójijì, bí ikán ni ó ti í jẹ òpó ilé díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ òjò. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá fẹ́ fi àáké wá ikán nínú gbogbo òpó, ilé ni yóò wó. Onílé ni í máa yẹ òpó ilé rẹ̀ wò. Ibi tí agbára òfin mọ nìyẹn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti mọ̀. Bí ìròyìn kan bá dé sórí fóònù yín pé àwọn báyìí ti kó ara wọn jọ láti pa wá, kí ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn bí ẹ kò bá lè fi orúkọ ara yín sí i níwájú adájọ́. Bí a bá ń bú Òkè-Ìlá, kí ó jẹ́ ọmọ Ìlá ni yóò kọ́kọ́ wí pé ó tó. Bí a bá ń bú ọmọ Ìlá, kí ọmọ Òkè-Ìlá ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń bú Mùsùlùmí ní ilé ìpàdé Kristẹni, kí Kristẹni dá a lẹ́kun, nítorí ìbáwí tí ó ti inú ilé wá ni í wọ ènìyàn létí. Òfin Ìdìbò tí a ṣe ní 2022, ní abala 92, kọ̀ fún àwọn olóṣèlú láti fi èébú ẹ̀yà tàbí ti ìsìn polongo ìdìbò. Bí wọ́n bá wá bẹ̀ wá pé kí á yá wọn ní gbọ̀ngàn tàbí gbohùngbohùn ìjọ fún irú orin bẹ́ẹ̀, kí á kọ̀. Ní ìdàkejì, bí a bá mú ẹni tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ wa nítorí pé ó bá alákòóso wí, kí á má ṣe yọ̀. Kí á lọ dúró tì í. Òmìnira tí a kò lè fẹ́ fún ọ̀tá wa, ẹ̀bùn ọba lásán ni, ọba sì lè gbà á padà nígbà tí ó bá wù ú.

Nínú Ìṣe Àwọn Aposteli, ní orí kọkàndínlógún, a rí àpẹẹrẹ alákòóso kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ìlú Éfésù dàrú, àwọn ènìyàn kígbe fún wákàtí méjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ ìdí tí wọ́n fi pé jọ. Akọ̀wé ìlú náà kì í ṣe onígbàgbọ́. Kò fi Pọ́ọ̀lù sẹ́wọ̀n nítorí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò sì fi Dèmétríù sẹ́wọ̀n nítorí ariwo rẹ̀. Ó mú kí wọ́n dákẹ́, ó bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ ènìyàn, ó rán wọn létí pé ilé ẹjọ́ ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní ẹjọ́, ó kìlọ̀ fún wọn nípa ìrúkèrúdò, ó sì ní kí olúkúlùkù máa lọ sí ilé rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kú ní ọjọ́ náà. Irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá fún àwọn ìlú wa, ní ààfin, ní ilé ìjọba ìbílẹ̀, ní mọ́sálásí àti ní ìjọ.

Kí Ọlọ́run tí ó pa ìjọ yìí mọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún fún wa ní ahọ́n tí ó mọ ọ̀nà, kí ó fún àwọn adájọ́ wa ní etí tí ń gbọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó sì jẹ́ kí àwọn tí yóò ṣe igba ọdún bá ilẹ̀ Ìgbómìnà ní ìṣọ̀kan.